Ta Ló Ní Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó Ni Gbogbo Jàǹdùkú?

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan jàǹdùkú nílùú yìí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mo ń gbọ́ ọ nínú dánfó, mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Onílé tó ń wá ayálégbé kì í fi bò: "Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó? Rárá o. Àwọn yẹn, inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà." Sinimá sì ti bá wọn kín in lẹ́yìn. Bí òṣèré bá fẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ ìta lòun, á bọ́ ẹ̀wù, á so aṣọ pupa mọ́rí, á mú ohùn há, á wá máa lu àyà pé ọmọ Èkó Àkéte lòun. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí irọ́ ni, ó sì ń ṣèpalára fún ọmọ ọlọ́mọ.

Pé ọmọlúàbí pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò ní máa rojọ́ ìyẹn. Ẹni tó bá ti rìn láti Ìgá Ìdúngànràn dé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ti fojú ara rẹ̀ rí ilé kéú, ìsọ̀ télọ̀ àti àwọn ìyá aláṣọ. "Ẹ̀jẹ̀" tí wọ́n ń pè yẹn ni mo fẹ́ bá wọn fà.

Ìgbà òyìnbó ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1930 sí 1950, jàgùdà ti wà l'Ékòó tó ń yọ owó lápò èrò. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Boma Boys náà wà, tí wọ́n ń mú atukọ̀ òkun lọ sí ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó, pàápàá nígbà ogun Hitler. Ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ń dúró, torí owó atukọ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ìjọba wá ń kó àwọn ọmọ ìgboro, ṣe ni wọ́n ń dá àwọn kan padà sí ìlú tí wọ́n ti wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ni gbogbo wọn, ìlú wo ni wọn ì bá dá wọn padà sí?

Nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀ tí iṣẹ́ sì wọ́n, àwọn tí kò ríṣẹ́ tún kún ojú títì sí i.

Ẹ wá wo àgbèrò, ẹni tí sinimá fẹ́ràn jù. Ẹ dúró ní Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀. Dánfó ò tíì dúró tán tí ọwọ́ á ti gbá dígí ẹ̀gbẹ́ mú. Kọ̀ńdọ́ á na owó tó ti ká róbótó sí i. Bí owó ò bá pé, wáípà ló máa kọ́kọ́ lọ, tàbí ìdérí táǹkì epo. Òmíràn á gorí bọ́nẹ́ẹ̀tì jókòó. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa: inú ò bí i. Ó mọ ọkọ̀ tó ti san owó àárọ̀, ó mọ èyí tí kò tíì san, ó sì mọ ọ̀gá tó máa jíṣẹ́ owó fún kílẹ̀ tó ṣú. Gbogbo yíyan àti ariwo yẹn, ara iṣẹ́ ni. Ẹ tún fetí sí ohùn wọn, ẹ ó gbọ́ Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ Ìjẹ̀bú, ẹ ó gbọ́ Ìlọrin. Òṣòdì tí ìjọba Fashola tú ká ní oṣù kìíní 2009, ṣé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló wà ni? Mùṣin ńkọ́? Agége ńkọ́? Ní oṣù kẹta 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, dúró, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tuntun sí gáréèjì. Owó ò kúrò lójú títì, ẹni tó ń gbà á náà ò sì kúrò.

Mi ò sọ pé kò sí jàǹdùkú ní Ìsàlẹ̀ Èkó o. Ó wà. Àwọn ọmọ àdúgbò kan ń fọ́ ìgò mọ́ra wọn lórí, owó sì wà ní ọjà Ìdúmọ̀tà bó ṣe wà ní gáréèjì. Ó tún ṣeé ṣe kí ohun tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní 1955 wà lára rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wólé láàárín Èkó tí wọ́n ń kó ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Agboolé tú. Ìyá tó ń tajà jìnnà sọ́jà rẹ̀, àwọn àgbà tó ń bá ọmọ wí ò sì gbé pọ̀ mọ́. Bóyá ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ná Ìdúmọ̀tà, ẹni tó bá dá yín dúró tó ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lòun, kẹ́ ẹ mú owó wá, ẹ má bá a jà, ẹ má sì yọ pọ́ọ̀sì níwájú rẹ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ yín. Ẹ bá aláàárù dúnàá-dúrà kó tó gbẹ́rù lé orí. Ẹ̀yin onílé àti ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ rántí àwọn ọlọ́pàá SARS: irun orí àti tátù ni wọ́n fi ń mú ọmọ ọlọ́mọ, títí ìjọba fi tú wọn ká ní oṣù kẹwàá 2020. Kẹ́ ẹ tó lé ọmọ kan nítorí àdúgbò tí wọ́n bí i sí, ẹ bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó lè dúró fún un. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú náà nìyẹn.