Base64: bí wọ́n ṣe ń fi dátà báìnárì ránṣẹ́ nínú string

Base64 ni ọ̀nà tí àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń gbà sọ báìtì (nọ́ńbà 0 sí 255 tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú dátà) di lẹ́tà lásán, ìbáà ṣe fọ́tò, ohùn, tàbí object inú pírógíráàmù tí wọ́n ti serialize (sọ di báìtì tó tò tẹ̀ léra), kó lè bá string, ìyẹn ọ̀rọ̀ kíkọ, kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láì bàjẹ́. SMTP, ìlànà tí íméèlì ń lò láti 1982, ASCII oníbíìtì 7 (lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀) nìkan ló mọ̀ nígbà yẹn, JSON tí àwọn àpù fi ń to dátà báyìí náà, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ló ń gbà.

Ẹ wo àwọn tó ń bá ọmọ Yunifásítì gbé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sórí pọ́tà l'Ágbowó n'Íbàdàn. Báìtì 3 tó ṣáájú nínú fọ́tò JPEG ni 255, 216, 255, bẹ́ẹ̀ 255 ò lè sí nínú UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà) tó pé rárá, torí náà tí ẹni tó kọ pọ́tà bá kàn fi tipátipá sọ fáìlì yẹn di string, ó lè gbé error jáde, tàbí kó rọra fi àmì ìbéèrè onídáyámọ́ńdì dúdú yẹn rọ́pò báìtì tí ò yé e, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ṣe é dá padà mọ́. Èyí tí ò pariwo yẹn gan-an ló burú jù. Ní Base64, báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di /9j/, kò séwu.

Báìtì 3 jẹ́ bíìtì (0 tàbí 1) 24, wọ́n á pín in sọ́nà 4, bíìtì 6-6, ìkọ̀ọ̀kan á wá mú lẹ́tà kan nínú A-Z, a-z, 0-9, + àti /. Ibadan á di SWJhZGFu. Lẹ́tà Ẹ nìkan, tó jẹ́ báìtì 3 ní UTF-8, á di 4bq4. Tí báìtì tó kù lẹ́yìn ò bá pé 3, = ni wọ́n fi ń dí àyè.

Ó ń jẹ dátà o: fáìlì 300 KB á di 400 KB, torí ẹ̀ ni fáìlì ńlá ṣe dáa kó lọ ní báìtì gangan. Tó bá jẹ́ TCP, ìlànà tó ń gbé báìtì lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ fi iye báìtì ṣíwájú, torí TCP ò mọ ibi tí ìsọfúnni kan parí sí. + àti / máa ń dà rú nínú URL, RFC 4648, ìwé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2006, fi - àti _ rọ́pò wọn.

Base64 kì í ṣe àṣírí, ẹnikẹ́ni ló lè tú u. Kì í sì í yẹ nǹkan tó wà nínú ẹ̀ wò: pickle (object tí èdè kóòdù Python ti serialize) tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ò mọ̀ lè mú kí kóòdù ṣiṣẹ́ lórí sáfà yín bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣí i.