Àsíá Líbíà: kí ló dé tí dúdú fi gba ìdajì?

Àsíá orílẹ̀-èdè ni aṣọ tí ìlú fi ń sọ fún ayé pé àwọn báyìí ló ni ilẹ̀, irú ìjọba báyìí ni wọ́n sì ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fipá gba ìjọba, àsíá sábà máa ń bá a lọ. Ní àríwá Áfíríkà, Líbíà ló fi èyí hàn kedere jù lójú tèmi.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń lò báyìí. Pupa wà lókè, dúdú wà láàárín, àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀. Wọn ò dọ́gba: dúdú nìkan gba ìdajì, àwọn méjì tó kù pín ìdajì yòókù. Oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìràwọ̀ kan, funfun báláú, wà lórí dúdú náà.

Dúdú olóṣù yìí ti wà kí Líbíà tó gba òmìnira. Ọ̀dọ̀ Sanusiyya ló ti wá, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tó kó àwọn ará Cyrenaica ní ìlà-oòrùn jọ láti bá Ítálì jà, lẹ́yìn tí Ítálì gbógun wọlé ní 1911. Omar Mukhtar, alífáà tó ń kọ́ni ní kéú, ló ṣáájú wọn lójú ogun títí wọ́n fi mú un, tí wọ́n sì yẹgi fún un ní September 1931.

Ilẹ̀ Líbíà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Nàìjíríà, àmọ́ èèyàn bíi mílíọ̀nù méje péré ló ń gbé ibẹ̀, etíkun ni ọ̀pọ̀ wọn sì kó sí. Agbègbè mẹ́ta tó jìnnà síra ni wọ́n so pọ̀ ní 24 December 1951: Cyrenaica, Tripolitania, àti Fezzan inú aṣálẹ̀. Idris, olórí Sanusiyya, ló jọba, àsíá aláwọ̀ mẹ́ta yìí sì di ti orílẹ̀-èdè. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Èmi rò pé fífẹ̀ dúdú náà tún ń fi ibi tí agbára wà hàn, torí ìlà-oòrùn ni ọba ti wá.

Ní 1969, Gaddafi àti àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ọba kúrò, àsíá náà sì lọ. Láti 1972, Líbíà, Íjíbítì àti Síríà jọ ń lo ẹyọ àsíá kan ni. Nígbà tí Sadat, ààrẹ Íjíbítì, lọ sí Jerúsálẹ́mù ní November 1977 láti wá àlàáfíà pẹ̀lú Ísírẹ́lì, inú bí Gaddafi, ó pa àsíá àjọlò náà tì, ó sì fi àwọ̀ ewé ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, láìní ìràwọ̀, láìní àmì kankan. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní irú rẹ̀ nígbà náà.

Ní February 2011 tí Benghazi, ìlú ńlá kan ní ìlà-oòrùn, dìde sí Gaddafi, àsíá ọba ni wọ́n gbé jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jù ú fìrìfìrì ni wọn ò tíì bí nígbà tí Idris wà lórí oyè. Ọdún yẹn náà ló padà di ti orílẹ̀-èdè. Láti 2014, àwọn tó ń ṣèjọba ní Tripoli, olú-ìlú, àti àwọn ti ìlà-oòrùn ti ń bára wọn fà á, síbẹ̀ àsíá kan náà ni àwọn méjèèjì ń ta.