Sáfà kan, VM rẹpẹtẹ: láísẹ́ńsì mélòó la máa rà lọ́wọ́ IBM?

Ìbéèrè: Sáfà wa ní core 32 (core ni apá prosẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an), àmọ́ VM kan (virtual machine, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sọ́fútíwíà dá sínú sáfà) tó ní core 4 péré ni WebSphere, sọ́fútíwíà IBM kan, wà. Ṣé owó core 32 la máa san ni?

Ìdáhùn: Tẹ́ ò bá ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni o. Ìyẹn ni full capacity, owó gbogbo core tó wà nínú sáfà. PVU (Processor Value Unit, ìwọ̀n tí wọ́n fún core kọ̀ọ̀kan) ni IBM fi ń ka ọ̀pọ̀ láísẹ́ńsì ẹ̀, core Intel kan lórí sáfà oní-socket méjì (socket ni ojú ibi tí wọ́n ń ki prosẹ́sọ̀ sí) sì sábà máa ń jẹ́ 70 PVU, ẹ wá ṣírò ẹ̀, 32 lọ́nà 70, 2,240 nìyẹn. Sub-capacity ní tiẹ̀, core 4 yẹn nìkan ló máa kà, 280 PVU péré. Ẹ ò rí i pé owó gidi ni.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa rí sub-capacity yìí gbà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ILMT (IBM License Metric Tool, sọ́fútíwíà tó ń ka iye core tẹ́ ẹ ń lò) sí i, ọ̀fẹ́ ni IBM ń fúnni, láàárín ọjọ́ 90 tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sọ́fútíwíà náà sórí VM, kẹ́ ẹ máa yọ rìpọ́ọ̀tì ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ó pẹ́ tán, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ fọ́dún méjì, torí ọjọ́ táwọn ọ̀dítọ̀ bá dé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, tí ò bá sì sí ńlẹ̀, full capacity ni wọ́n máa fi ṣírò owó yín.

Ìbéèrè: LPAR mẹ́ta (apá tí wọ́n pín sáfà sí, tó ń ṣiṣẹ́ bíi VM) tó jọ ń pín prosẹ́sọ̀ lò lórí sáfà Power ti IBM ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. LPAR tó bá jẹ́ uncapped, ìyẹn èyí tí wọn ò há mọ́ ìpín tiẹ̀, lè lo prosẹ́sọ̀ táwọn tó kù ò lò, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka virtual processor tẹ́ ẹ fún un (iye prosẹ́sọ̀ tó lè lò pọ̀ jù), wọn ò wo entitlement ẹ̀ (ìpín tó dájú pé ó máa rí) rárá. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 4, àpapọ̀ wọn di 12. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú shared processor pool kan (àkójọ prosẹ́sọ̀ tí wọ́n jọ ń lò), tẹ́ ẹ ní kó má kọjá 6, owó core 6 lẹ máa san, iye tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń mú. Lójú tèmi, pool yìí ló dáa jù, torí èyí tíṣẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn nínú wọn ṣì lè gba tó 4.

Ìbéèrè: Tá a bá fi core kún un fún ọjọ́ kan péré?

Ìdáhùn: ILMT máa kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tó ga jù láàárín àsìkò rìpọ́ọ̀tì yẹn lẹ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì fún.

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Oracle?

Ìdáhùn: Rárá o. Oracle ò ka VMware (sọ́fútíwíà tó ń dá VM sílẹ̀) sí nǹkan tó lè dín iye core kù, ẹ má gbé ìṣirò ti IBM lọ bá wọn.