Resilience: ohun tí ìgbàgbọ́ ń ṣe lọ́kàn eléré ìdárayá

Bẹ́ ẹ bá dúró létí pápá bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo nírọ̀lẹ́, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọmọ náà tí wọ́n gbọ́wọ́ lé ara wọn léjìká, tí wọ́n pa agbo. Ọ̀kan á gbàdúrà lórúkọ Jésù, òmíràn á ka Fátíhà, Àmín kan náà ni gbogbo wọn á ṣe. Ìlú Ọ̀ṣun sì nìyí o: ọmọ tó ń ké pe Yèyé nínú ọkàn rẹ̀ lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Resilience ni ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ń lò. Àwọn kan ń pè é ní ìfaradà, ṣùgbọ́n ìfaradà nìkan kò gbé e. Ẹni tó ń fara dà á lè wà lójú kan náà, kó máa jẹ̀rora. Ohun tí à ń wí ni pé kí nǹkan gbéni ṣánlẹ̀, kó dunni wọra, síbẹ̀ kí ọkàn bọ̀ sípò, kéèyàn tún lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Nàìjíríà tó ń sáré ìje. Ipò kẹrin ló ṣe nínú eré àfofò 100 mítà ní ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, ipò kẹrin náà ló tún ṣe ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 2021. Ipò kẹrin korò, torí ojú ẹni ni wọ́n ṣe ń fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ẹni kẹta lọ́rùn. Ní July 2022, ní ìdíje àgbáyé ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, eré tí obìnrin kankan kò sá rí. Ọjọ́ yẹn náà ló gba góòlù.

Ìgbàgbọ́ ńkọ́? Lọ́dún 1988, Kenneth Pargament, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta táwọn ẹlẹ́sìn ń gbà kojú ìṣòro. Ẹnì kan á dá a ṣe fúnra rẹ̀, ẹnì kan á káwọ́ gbera pé kí Ọlọ́run ṣe é, ẹnì kan á bá Ọlọ́run ṣe é pọ̀. Ti ẹni kẹta yìí ni mo rò pé ó ń gbé eléré dìde. Hakeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà, gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì lọ́dún 1995 bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà, òun ni NBA, àjọ líìgì bọ́ọ̀lù náà níbẹ̀, sì mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù February náà.

Ṣùgbọ́n Pargament rí òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú: kéèyàn gbà pé Ọlọ́run ń fìyà jẹ òun, tàbí pé ó ti kọ òun sílẹ̀. Èyí lè ba ọkàn jẹ́ ju àdánù gan-an lọ. Mo rí i lára àbúrò mi kan tí iṣan orúnkún rẹ̀ já. Dókítà ní kò gbọdọ̀ padà sí pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé wá kí i ní, “Ẹ wádìí ọ̀rọ̀ yìí o, ojú lásán kọ́.” Láti alẹ́ ọjọ́ náà, kò sùn mọ́. Ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni.

Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Òun ló ń lu ìlù òyìnbó, kò sì lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọn ò ní kó lọ jókòó, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó wá yé e pé òun ju bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwòsàn bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ lórí ẹní, Sáàmù 121 ló fi ń kà á: ẹsẹ mẹ́jọ, nínà mẹ́jọ. Ó máa ń dúró díẹ̀ ní ẹsẹ kẹta, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí kò ní yẹ̀.

Àdúrà yẹn kọ́ ló so iṣan rẹ̀. Dókítà ló so ó. Bí oorun bá sì kọ̀ tí kò padà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí oúnjẹ ò wọlé, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ nìyẹn, kò sì túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ kéré. Ẹ̀yin kóòṣì wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ọmọ tó gbá pẹnáritì sóde pé kò gbàdúrà tó.

Oṣù keje rèé tó ti fara pa. Àbúrò mi kò tíì gbá bọ́ọ̀lù. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fẹ́ pa agbo, wọ́n á pè é, yóò sì rìn wọnú pápá lọ bá wọn.