Kí Ẹ Tó Pe Ilé Ìwòsàn Lẹ́jọ́, Ẹ Gba Fáìlì Yín Ná

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi kì í tíì jókòó tán tí wọ́n á fi béèrè pé, "Lọ́yà, èló ni wọ́n máa san fún wa?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, tó wá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi tì í jáde, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n èmi náà á bi wọ́n ní tèmi: fáìlì ilé ìwòsàn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo aláìsàn mọ̀ ni pé ìrora nìkan kì í jàre. Iṣẹ́ abẹ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó mọṣẹ́, tó sì fara balẹ̀. Oògùn lè kọ̀ lára èèyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Àìbìkítà ni ilé ẹjọ́ ń wá, àti okùn tó so àìbìkítà yẹn mọ́ ìpalára yín. Bí okùn náà bá já, ẹjọ́ já nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àìbìkítà. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Bolam ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ sọ pé dókítà kò jẹ̀bi bí ohun tó ṣe bá jẹ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán gbà pé ó tọ́, kódà bí àwọn dókítà mìíràn kò bá ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Bolitho, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fi kún un pé èrò àwọn ẹlẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ́gbọ́n dání, kò tó kí wọ́n ṣáà wá sọ pé "bí a ṣe ń ṣe é nìyí." Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dókítà la fi ń mú dókítà. Ẹ nílò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka iṣẹ́ kan náà, tí yóò ka fáìlì yín, tí yóò sì sọ ọ́ níwájú adájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe kò tọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè rọ́pò rẹ̀.

Okùn yẹn gan-an ló ń pa ẹjọ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1966, àwọn ọlọ́dẹ mẹ́ta mu tíì ní ìdájí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí fóònù. Ara dókítà náà kò yá, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n pe dókítà tiwọn. Kò jáde wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àṣé májèlé arsenic ló wà nínú tíì. Ìyàwó rẹ̀ pẹjọ́. Adájọ́ gbà pé dókítà náà kò ṣe ojúṣe rẹ̀, pé ó yẹ kó yẹ ọkùnrin náà wò. Síbẹ̀, obìnrin náà kò rí nǹkan kan gbà, nítorí ẹ̀rí fi hàn pé bí wọ́n tilẹ̀ gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀, oògùn tó lè borí májèlé náà kò ní tètè kàn án kó tó kú. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà mi, mo sì máa ń rí i lójú wọn bó ṣe ń dùn wọ́n. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Inú fáìlì la ti ń rí okùn. Obìnrin kan wá bá mi tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ. Ilé ìwòsàn ní ẹ̀jẹ̀ ló ṣàdédé ya, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. A kọ̀wé, wọ́n fún wa ní ẹ̀dà fáìlì, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní wákàtí wákàtí. Aago mọ́kànlá alẹ́, 82. Aago méjìlá, 82. Aago kan, 82. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí di aago mẹ́rin ìdájí, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Mo wá ṣí ìwé yàrá iṣẹ́ abẹ: aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ti gbé e wọlé níbẹ̀. Ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò ní wọ́ọ̀dù láago mẹ́rin? Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ńṣe ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Dókítà tó bá wa ka fáìlì náà ṣàlàyé pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sáré ni. Ká ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́ láago kan, ó ṣeé ṣe jù pé wọn ì bá ti fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, ọ̀bẹ kò sì ní kàn án. "Ó ṣeé ṣe jù" yẹn tó. Nínú irú ẹjọ́ báyìí, òfin kò sọ pé kó dájú bí ọ̀sán. Kó ṣáà ti ju ìlàjì lọ. Àwọn agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn náà yanjú rẹ̀ pẹ̀lú wa, wọn kò jẹ́ kó dé iwájú adájọ́.

Àìsọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ àìbìkítà. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Britain dá ẹjọ́ aboyún kan láti Scotland, tó kúrú, tó sì ní àtọ̀gbẹ. Ó tó ìdá 9 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún pé èjìká ọmọ lè há. Dókítà rẹ̀ mọ̀, kò sọ fún un. Èjìká há lóòótọ́, ọmọ náà sì fi ọpọlọ pa. Ilé ẹjọ́ ní dókítà gbọ́dọ̀ sọ ewu tí ẹni tó bá wà ní ipò aláìsàn náà yóò kà sí pàtàkì, àti ọ̀nà mìíràn tó wà. Nítorí náà, bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí wọ́n sọ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i ló ṣe kókó.

Pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5.25 ni owó gbà-má-bínú tó jáde nínú ẹjọ́ yẹn. Owó ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìtọ́jú: ẹni tí yóò máa gbé ọmọ náà dìde, tí yóò máa bọ́ ọ, títí ayé rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀: owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ yín, owó ìtọ́jú tí ẹ ti ná àti èyí tí ẹ máa ná, kí wọ́n tó wá fi ti ìrora kún un. Ti ìrora yẹn gan-an ni àwọn ìjọba kan ti fi ààlà sí. Ní 1975, California ní kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 250,000 lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Lójú tèmi, ọmọdé àti àgbàlagbà tí kò níṣẹ́ nirú ààlà yẹn ń nà jù, nítorí wọn ò ní owó oṣù tí wọ́n lè ṣírò. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ibì kan wà tí wọn kò wá ẹlẹ́bi rárá. New Zealand ti ń san owó fún ẹni tó fara pa láti 1974 láìsí pé ó ń pe dókítà lẹ́jọ́. Sweden bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1975 nípasẹ̀ adójútòfò: ìbéèrè tiwọn ni bóyá ìpalára náà ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò ni mí, inú ẹjọ́ ni mo ti ń jẹun, síbẹ̀ mo gbà pé ètò yẹn sàn fún ọ̀pọ̀ tí mo ti ní láti sọ fún pé wọn ò ní ẹjọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó ṣì nílò ilé ìwòsàn yẹn fún ìtọ́jú, kó ro ìyẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló jẹ́ pé àlàyé àti "ẹ jọ̀ọ́, a ṣẹ̀ yín" ni wọ́n ń wá. Ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn ná kí ẹ tó pẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ẹ ti gba owó, ẹ kò sì ní bi wọ́n léèrè mọ́, láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò kà á fún yín.

Àsìkò náà ń lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni, láti ọjọ́ ìpalára tàbí ọjọ́ tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ti ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 18. Gbèdéke ibòmíràn yàtọ̀, nítorí náà ẹ béèrè ti ibi tí ẹ wà. Lónìí, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́kàn yín: ta ló wà níbẹ̀, kí ló sọ, aago mélòó. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà tí ẹ fi ń béèrè fáìlì yín lódindi, pẹ̀lú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, èsì àyẹ̀wò àti àwòrán. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi ọwọ́ ara yín mú un lọ, kí ẹ sì ní kí ẹni tó bá gbà á kọ orúkọ àti aago sórí ẹ̀dà tí ẹ máa mú padà sílé.