Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti ẹni tí kò tíì dáhùn: bí dátábéèsì àti kóòdù ṣe ń gbọ́ra wọn yé

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn dé Àbújá fún ìgbà àkọ́kọ́, tó wọ ọjà Wuse láti ra ẹ̀wà, lè gbọ́ "akwai" tàbí "babu" lẹ́nu Hausa tó ń tajà. Ọ̀kan ni "ó wà", èkejì ni "kò sí". Ìdáhùn méjèèjì kò ṣàjèjì sí i, ẹnu tó gbé wọn jáde ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, àti kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan boolean, ìyẹn iye tí kì í ju òótọ́ tàbí irọ́ lọ, tí wọ́n fi orúkọ George Boole pè, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1815–1864).

Ká mú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Kubwa. Ọdún ń sún mọ́lé, wọ́n fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì tó máa gba Lọ́kọ́ja kó wọn lọ sílé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kó orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú dátábéèsì, ó sì ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ maa_lo. Lójú akọ̀wé, òótọ́ tàbí irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí dátábéèsì tọ́jú síbẹ̀ gan-an tún lọ́tọ̀.

Oríṣiríṣi dátábéèsì ló wà. PostgreSQL, ọ̀kan nínú wọn, ní boolean tirẹ̀, báìtì kan, ìyẹn àyè kékeré nínú kọ̀ǹpútà, ló ń gbà. Bí wọ́n bá kọ 'yes', 'on' tàbí '1' ránṣẹ́ sí i, yóò gbà á. Tó bá ń kọ ọ́ padà, t tàbí f ló máa kọ. Ní MySQL, dátábéèsì mìíràn, BOOLEAN wulẹ̀ jẹ́ orúkọ ìnagijẹ fún TINYINT(1), nọ́ńbà kékeré tó ń gba -128 dé 127. Ẹyọ 1 tó wà nínú àkámọ́ yẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fi 2 tàbí 77 síbẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ á wá dùn. Ní SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, WHERE ló ń sọ irú ìlà tí wọ́n fẹ́; TRUE ni òótọ́, FALSE ni irọ́. WHERE maa_lo = TRUE máa mú ìlà tí 1 wà nínú rẹ̀ nìkan wá, torí TRUE ní MySQL kò ju 1 lọ. WHERE maa_lo IS TRUE ní tirẹ̀ á kó gbogbo ohun tí kì í ṣe òdo. Ọkùnrin tí wọ́n kọ 2 síwájú orúkọ rẹ̀, bóyá torí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń lọ, á ní àyè nínú ìbéèrè kan, kò ní í ní nínú èkejì.

SQLite, tí ọ̀pọ̀ áàpù orí fóònù ń lò, kò ní ju 0 àti 1 lọ; ọdún 2018, ní ẹ̀dà 3.23.0, ló tó mọ ọ̀rọ̀ TRUE àti FALSE rárá. SQL Server ń lo BIT, tí òun náà jẹ́ 0 tàbí 1. Oracle pẹ́ gan-an kó tó ní tirẹ̀: boolean ti wọ ìlànà SQL láti 1999, ṣùgbọ́n kó tó di ẹ̀dà 23, kò sí i fún kọ́lọ́ọ̀mù tábìlì Oracle, nítorí náà Y àti N ni àwọn èèyàn ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá jogún irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Kì í pẹ́ tí y kékeré á yọjú.

Kóòdù kì í sábà bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ ní tààràtà. Ẹ̀yà sọ́fítíwíà kan wà láàárín wọn tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dírẹ́bà. Kò kan ẹni tó máa wa bọ́ọ̀sì. Òun ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì, tó ń pinnu ohun tí kóòdù máa rí. Èyí tó gbọ́n nínú wọn á sọ ọ́ di boolean. Èyí tí kò bìkítà á gbé e lé kóòdù lọ́wọ́ bó ṣe bá a.

Àwọn fọ́ńṣàn (àṣẹ alórúkọ) pg_fetch ti PHP, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, wà lára àwọn tí kò bìkítà. Lẹ́tà 't' tàbí 'f' ni wọ́n ń dá padà láti PostgreSQL. Lójú PHP, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ, òótọ́ ni, àfi '0' àti èyí tí kò ní lẹ́tà kankan nínú. 'f' wá di òótọ́. Bí kóòdù bá ní kí àtẹ̀jíṣẹ́ "Bọ́ọ̀sì máa gbéra láago márùn-ún ìdájí" lọ sọ́dọ̀ ẹni tí maa_lo rẹ̀ jẹ́ òótọ́, gbogbo ẹni tó ti dáhùn ló máa rí i gbà, títí kan màmá tó ti sọ pé òun ò lọ síbì kankan lọ́dún yìí. Ẹ̀rọ ò ní í kígbe àṣìṣe kankan. Ìtumọ̀ ló jábọ́ lójú ọ̀nà.

Èdè kóòdù kọ̀ọ̀kan ló ní èrò tirẹ̀ nípa ohun tó jọ òótọ́. '0' tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ jẹ́ irọ́ ní PHP, ó jẹ́ òótọ́ ní JavaScript. Òdo tó jẹ́ nọ́ńbà jẹ́ irọ́ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́nbélé ni ní Ruby, níbi tó jẹ́ pé false àti nil nìkan ni irọ́. Ní Python, bool('False') ń di True, torí ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà nínú, Python ò sì ka ohun tí lẹ́tà náà ń sọ. Ẹni tó bá ti Python fi True sínú SQLite, 1 ló máa bá níbẹ̀ tó bá padà wá. Kò sábà léwu, nítorí True àti 1 dọ́gba ní Python. Àfi tí wọ́n bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí áàpù mìíràn ní JSON, ìlànà ìkọ̀wé tí àwọn áàpù fi ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ síra wọn, níbi tí 1 àti true ti jẹ́ nǹkan méjì.

Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti yanjú gbogbo èyí, ní ibi kan ṣoṣo, bí iye náà ṣe ń wọlé: kí kóòdù béèrè bóyá ó bá 't' dọ́gba gẹ́lẹ́, kó sọ ọ́ di boolean, kí ibi yòókù má sì gbọ́ nípa lẹ́tà mọ́.

NULL, àmì tí dátábéèsì ń fi síbi tí kò sí iye kankan, le ju gbogbo ìwọ̀nyẹn lọ. Ká ní 60 ni ọmọ ẹgbẹ́. 25 ní àwọn máa lọ, 15 ní àwọn ò lọ, 20 kò tíì dáhùn, NULL ló wà níwájú orúkọ wọn. WHERE maa_lo = TRUE mú 25 wá. WHERE maa_lo = FALSE mú 15. Akọ̀wé lè ronú pé òun gbọ́n, kó kọ WHERE NOT maa_lo, kó lè rí gbogbo ẹni tí kò sọ pé òun ń lọ; 15 yẹn náà ló tún máa rí. 20 ti pòórá. SQL ò purọ́ fún un o. "A ò mọ̀" ni NULL ń wí, òdìkejì "a ò mọ̀" ṣì ni "a ò mọ̀", WHERE kì í sì í mú ìlà tí kò dá a lójú. Kódà NULL = NULL kì í ṣe òótọ́: ẹni méjì tí kò tíì dáhùn, ta ló sọ pé ohun kan náà ni wọ́n máa sọ?

Bí NULL bá kọjá sínú kóòdù, àgbákò mìíràn ni. Ní Java, èdè kóòdù mìíràn, àṣẹ getBoolean á rí NULL, á dá false padà láìsọ nǹkan kan; kóòdù gbọ́dọ̀ pe wasNull kó tó mọ̀. Go, tí òun náà jẹ́ èdè kóòdù, ní tirẹ̀ á yarí, á ní òun ò lè fi NULL sínú bool, àfi tí wọ́n bá lo sql.NullBool, tó ní àyè fún NULL. Àgídí Go yìí sàn ju ìwà pẹ̀lẹ́ Java lọ, torí Java ti fi "n ò lọ" sẹ́nu ẹni tí kò la ẹnu.

Orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù náà lè da nǹkan rú, pàápàá fún ẹni tó ń ronú ní Yorùbá. Bí wọ́n bá bi Yorùbá pé "Ṣé o ò tíì sanwó?", tó ní "Bẹ́ẹ̀ ni", kò tíì san nìyẹn. "Yes" tí elédè Gẹ̀ẹ́sì máa fi dáhùn ìbéèrè kan náà sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó ti san. Ní Àbújá tí ọ̀rọ̀ ń ti èdè kan bọ́ sí òmíràn nínú ìpàdé kan ṣoṣo, kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ ko_tii_san ń wá wàhálà. Kí wọ́n pè é ní ti_san.

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àìdáhùn ti sábà ń sọnù. Àpótí kékeré tí wọ́n ń fi àmì sí, tí èèyàn ò bá fi àmì sí i, bùráúsà kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ nípa rẹ̀. Kóòdù ò wá lè mọ ẹni tó kọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ka ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ á wá kọ NOT NULL DEFAULT FALSE, ìyẹn pé kí àyè náà má ṣófo, kó jẹ́ irọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan, kí ọkàn wọn balẹ̀. Ó dára fún ti_san, torí ẹni tí owó rẹ̀ kò wọlé, kò san nìyẹn. Fún maa_lo, kò dára. Bọ́tìnnì méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, "Màá lọ" àti "N ò lọ", kí wọ́n má sì fi àmì sí ìkankan ṣáájú. Kí wọ́n fi NULL sílẹ̀ nínú tábìlì. Nígbà náà, WHERE maa_lo IS NULL á kó orúkọ 20 yẹn jáde pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, akọ̀wé á sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì elérò 18 méjì máa tó, àbí kí wọ́n lọ wá ẹ̀kẹta.