Kọ́ḿpáùn tí kì í ṣe agboolé

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ "kọ́ḿpáùn", agboolé ló máa wá sí i lọ́kàn: ojúlé bàbá àgbà, adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri, ọmọdé tó ń jẹun nílé ẹni tí kò bí i. Ní Kimberley, ní gúúsù Áfíríkà, ohun mìíràn ló di láti 1885: ọgbà tí kọ́ńpìnnì ń ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Dáyámọ́ńdì ló fà á. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1871, kálukú ló ń gbẹ́ ilẹ̀ kékeré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò ń jìn sí i, omi ń wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ya lulẹ̀, owó ẹ̀rọ sì kọjá agbára ẹnì kan. Àwọn olówó wá ń ra ilẹ̀ jọ. Ní 1888, ọ̀kan nínú wọn, Cecil Rhodes, dá De Beers Consolidated Mines sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo yìí fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú dáyámọ́ńdì ayé sọ́wọ́.

Wọ́n ní olè làwọn ń ṣọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n ń jí dáyámọ́ńdì. Ó kéré, ó ṣeé gbé mì. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa tú ara gbogbo òṣìṣẹ́ wò, àti dúdú àti funfun, àmọ́ àwọn òyìnbó daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1883 àti 1884, wọ́n láwọn ò ní bọ́ra sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Orí òṣìṣẹ́ dúdú nìkan ni ọgbà náà wá já lé.

Tí èèyàn bá ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ó di oṣù bíi mélòó kan kó tó tún rí títì. Ògiri páànù yí ọgbà ká. Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì onírin sókè, kí ẹnikẹ́ni má baà ju òkúta sóde fún ọ̀rẹ́ tó ń dúró. Ọ̀nà tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ló ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló ń gbé wọn padà. Nínú ọgbà yìí kan náà ni ṣọ́ọ̀bù kọ́ńpìnnì wà. Owó tí wọ́n fọwọ́ ọ̀tún san, wọ́n ń fọwọ́ òsì gbà á padà. Àwọn oníṣòwò ìlú pariwo pé oníbàárà àwọn ti bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ìyẹn ló ká wọn lára.

Ọjọ́ tí àdéhùn bá ń parí ló burú jù. Wọ́n á kó ọkùnrin náà sí yàrá ọ̀tọ̀, á bọ́ra, á fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọ́n á ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tí kò ní ìka. Wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò jẹ́ kó máa yàgbẹ́, wọ́n á sì máa yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nínú àwọn yàrá ọgbà tó kún fọ́fọ́, òtútù àyà pa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́.

Ta ló máa bá kọ́ńpìnnì wí? Rhodes fúnra rẹ̀ ni olórí ìjọba Cape, ilẹ̀ tí Kimberley wà lábẹ́ rẹ̀, láti 1890 sí 1896. Òfin Glen Grey tó ṣe ní 1894, tí wọ́n fi orúkọ àgbègbè kan pè, bu owó orí ṣílè 10 lé ọkùnrin dúdú tí kò bá fi oṣù mẹ́ta lọ́dún ṣiṣẹ́ owó níta àgbègbè rẹ̀. Olóko tó ń jẹ nínú oko ara rẹ̀, kí ló tún fẹ́ wá lọ síbi ìwakùsà? Owó orí ni wọ́n fi ń lé e lọ.

Ní 1886, wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand, níbi tí Johannesburg wà lónìí. Wúrà inú òkúta ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé èèyàn ì báà gbé òkúta mì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí nǹkan kan tà. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ kọ́ḿpáùn síbẹ̀ náà.